Èrè Báńkì: Gbèsè Ṣáájú Ogún

Ní ọdọọdún, nígbà tí oṣù kẹta àti oṣù kẹrin bá wọlé, àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà a máa kún fún ìṣirò owó àwọn ilé ìfowópamọ́. Báńkì kan yóò kéde pé òun jèrè ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà, yóò sì san owó tí ó jọjú lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Òmíràn yóò kéde èrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní san kọ́bọ̀ kan. Àwọn tí ó ra ìpín ìdókòwò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ṣíà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn kan yóò ní olè ni àwọn olùdarí. Àwọn mìíràn yóò kó owó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ pé ọwọ́ là. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ń béèrè ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè: kí ni ó ń mú kí báńkì kan san, tí òmíràn kò fi san?

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé èrè tí ó bá wọlé ni à ń pín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn ṣáájú bá ti gba ẹ̀tọ́ wọn ni à ń pín. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí Mùsùlùmí kankan. Bí bàbá bá kú, a kì í pín ogún rẹ̀ kí a tó san gbèsè tí ó jẹ sílẹ̀. Ọlọ́run Ọba Allāhu ti fi èyí lélẹ̀ nínú Sūratun-Nisā'i, níbi tí àlàyé ìpín ogún gbé wà. Ọmọ tí ó bá ń pín ogún bàbá rẹ̀ nígbà tí àwọn tí bàbá náà jẹ ní gbèsè ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe ogún ni ó ń pín. Owó olówó ni ó ń pín. Ẹni tí ó bá fi òye yìí wo ọ̀rọ̀ báńkì yóò rí i pé gbogbo ohun tí ó ń darí ìpín èrè kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: ṣé gbèsè ti tán kí a tó pín?

TA NI Ó NÍ ÀṢẸ LÁTI PÍN?

Gẹ́gẹ́ bí òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1990 tí a sì tún ṣe ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ olùdarí ni yóò dábàá iye tí a óò san, ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ìpàdé náà lè dín iye tí ìgbìmọ̀ dábàá kù, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti fi kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, wọ́n á máa pariwo nínú ìpàdé pé kí a fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá sí i. Òfin kan náà sọ pé inú èrè nìkan ni a ti lè san owó yìí. A kò gbọdọ̀ bu ojú owó pín.

Òfin ti báńkì tún le ju ti ilé-iṣẹ́ yòókù lọ. Òfin báńkì pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ya apá kan èrè rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọdọọdún sínú àpò ìpamọ́. Bí àpò náà kò bá tíì tó ojú owó báńkì, ohun tí yóò yà sọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 30 nínú 100 èrè. Bí ó bá ti tó o, kò gbọdọ̀ dín ní 15 nínú 100. Báńkì kò sì gbọdọ̀ pín ohunkóhun títí yóò fi pa gbogbo àdánù àtẹ̀yìnwá rẹ́, tí yóò sì ti pèsè sílẹ̀ de gbèsè tí ó ṣeé ṣe kí ó má padà.

OWÓ TA NI Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ?

Ìdí tí òfin fi le tó bẹ́ẹ̀ yóò hàn bí a bá wo alájọ inú ọjà. Jẹ́ kí á sọ pé àwọn ìyá ọlọ́jà kó N90,000 lé e lọ́wọ́, ó sì fi N10,000 tirẹ̀ kún un, ó di N100,000. Ó fi owó náà ra ọjà, ó ń tà á ní àwìn, nígbà tí ọdún sì parí ó ṣírò èrè N5,000. Bí ó bá fi N5,000 náà ra aṣọ ọdún, yóò dà bí ẹni pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó ra ọjà N12,000 lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn. Bí onígbèsè náà bá sá lọ ní oṣù kejì, N10,000 tirẹ̀ ti lọ, àdánù sì ti wọ inú owó àwọn ìyá ọlọ́jà ní N2,000. Ká ní ó fi èrè yẹn pamọ́ ni, owó tirẹ̀ ì bá ti di N15,000. Ì bá fara gba àdánù náà, kò sì sí ìyá ọlọ́jà kan tí ì bá gbọ́ nípa rẹ̀.

Bí báńkì ṣe rí gan-an nìyí. Owó àwọn onípìn-ín kéré púpọ̀ sí owó àwọn tí ó fi owó pamọ́. Nítorí náà ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi pa á láṣẹ pé ojú owó báńkì tí kò ní ẹ̀ka lẹ́yìn odi kò gbọdọ̀ dín ní 10 nínú 100 owó rẹ̀ tí ó wà nínú ewu, àti pé ti báńkì tí ó ní ẹ̀ka lẹ́yìn odi kò gbọdọ̀ dín ní 15. Gbogbo náírà tí a bá pín fún onípìn-ín ń dín odi yìí kù. Gbogbo náírà tí a bá fi sílẹ̀ ń mú un ga. Àwọn àgbà ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

GBÈSÈ TÍ KÒ PADÀ

Ohun tí ó tún ń darí ìpín èrè ni irú àwọn ènìyàn tí báńkì yá lówó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Báńkì Àpapọ̀ fi ìlànà kan lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tún un ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Báńkì tí ojú owó rẹ̀ kò bá tó ìwọ̀n kò gbọdọ̀ san ohunkóhun. Èyí tí gbèsè tí kò padà bá ti kọjá 10 nínú 100 gbogbo owó tí ó yá ènìyàn, tàbí tí ewu rẹ̀ bá ga, òun náà kò gbọdọ̀ san. Èyí tí gbèsè bẹ́ẹ̀ bá wà láàrin 5 sí 10 nínú 100 lè san ìwọ̀nba: kò gbọdọ̀ ju 30 nínú 100 èrè rẹ̀ lọ, àyàfi bí ojú owó rẹ̀ bá fi ipò mẹ́ta ju ìwọ̀n lọ tí ewu rẹ̀ sì kéré, nígbà náà ó lè san tó 75. Báńkì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí gbèsè burúkú rẹ̀ kò ju 5 lọ, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣì gbọdọ̀ wo ọjọ́ iwájú kí wọ́n tó dábàá iye kan.

Nítorí náà, nígbà tí báńkì kan bá kéde èrè ńlá tí kò sì san ohunkóhun, kí onípìn-ín má ṣe kọ́kọ́ máa wá olè kiri. Kí ó ṣí ìwé ìṣirò náà, kí ó wo iye gbèsè tí kò padà. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wà níbẹ̀.

ÈRÈ ORÍ ÌWÉ

Èrè pàápàá kì í ṣe irú kan náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà. Dọ́là kan tí kò tó N500 ní iye tí ìjọba ń lò tẹ́lẹ̀ kọjá N900 kí ọdún náà tó parí. Báńkì tí dọ́là tí ó ní lọ́wọ́ bá fi mílíọ̀nù mẹ́wàá ju dọ́là tí ó jẹ lọ, yóò ṣírò èrè tí ó ju bílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ láìta abẹ́rẹ́ kan, láìsin oníbàárà kan. Orí ìwé ni èrè náà wà. Bí náírà bá sì tún padà lágbára, orí ìwé kan náà ni yóò ti pòórá.

Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó yá dọ́là lọ́wọ́ báńkì, tí wọ́n sì ń pa owó tiwọn ní náírà, rí i pé gbèsè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìjì tí ó fi èrè sórí ìwé ni ó ń ba ọ̀nà tí gbèsè yóò gbà padà jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ fi irú èrè bẹ́ẹ̀ san ìpín, wọn kò sì gbọdọ̀ fi gbọ́ bùkátà iṣẹ́. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọwọ́ bá yí padà. Àwọn kan bínú sí àṣẹ yìí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó rí i pé iye èbù iṣu lọ sókè lọ́jà, tí ó wá tìtorí bẹ́ẹ̀ kó èbù rẹ̀ lọ tà, tí ó fi owó rẹ̀ ṣe àríyá, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀?

OJÚ OWÓ TUNTUN

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí àwọn báńkì mú ojú owó wọn ga: bílíọ̀nù 500 fún èyí tí ó ní àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn odi, bílíọ̀nù 200 fún èyí tí ń ṣiṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, àti bílíọ̀nù 20 fún báńkì aláìgbèlé tí ń ṣiṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2026 ni ó fún wọn. Owó tí àwọn onípìn-ín fúnra wọn san wọlé nìkan ni a óò kà. A kò ka èrè tí báńkì ti ń tọ́jú láti ẹ̀yìn wá mọ́ ọn.

Àṣẹ yìí mú ìdààmú kan wá. Títọ́jú èrè kò ran báńkì lọ́wọ́ mọ́ láti dé iye yẹn. Wọ́n ní láti lọ sí ọjà lọ ta ìpín tuntun. Ta ni yóò sì ra ìpín lọ́wọ́ ẹni tí kì í san èrè? Ohun tí ó ń fa báńkì síwájú láti san owó púpọ̀ àti ohun tí ó ń fà á sẹ́yìn wá pàdé ní ojú kan. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ tún kọ̀wé pé báńkì èyíkéyìí tí ó ṣì wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda àkànṣe lórí àwọn gbèsè ńlá kan gbọ́dọ̀ dáwọ́ sísan ìpín èrè dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ó dáwọ́ owó ìdùnnú àwọn olùdarí dúró pẹ̀lú, kí ó má sì ṣe kó owó lọ sí ẹ̀ka lẹ́yìn odi. Ohun tí ó yẹ ní ìyìn nínú àṣẹ náà ni pé kò dá onípìn-ín nìkan lẹ́bi. Ó na ọwọ́ kan àwọn ọ̀gá náà.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́KÀN ÈNÌYÀN

Òfin nìkan kọ́ ni ó ń pinnu. Ní ọdún 1956, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Lintner, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ ṣe ń dá ìpín èrè. Ó rí i pé ohun tí wọ́n san ní ọdún tí ó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, àti pé ó máa ń nira fún wọn láti dín in kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní. Bí báńkì bá san N3 lésìí, tí ó wá san N1 lọ́dún yìí, ọjà yóò sọ pé ara rẹ̀ kò yá, iye ìpín rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Nítorí ìbẹ̀rù yìí, olùdarí lè san ohun tí kò yẹ ní sísan kí ojú má bàa tì í. Àwọn onípìn-ín ńláńlá náà sì wà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sínú ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá nílò owó fún òwò wọn mìíràn, ohùn wọn a máa ròkè níbi tí a ti ń dábàá.

Òdodo kò sì gbà kí á ti ẹ̀bi sí apá kan. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ìpín, ní ẹ̀tọ́. Bí àwọn olùdarí bá ń fi èrè pamọ́ ní ọdọọdún pẹ̀lú àlàyé pé àwọn ń mú báńkì lágbára, ṣùgbọ́n tí owó náà ń di ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ilé ńlá àti ìrìn àjò àwọn ọ̀gá, ìwà ìjẹkújẹ ni ìyẹn náà. Owó tí a kò pín kì í fúnra rẹ̀ di owó tí a tọ́jú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun kò ní san gbọ́dọ̀ lè fi ibi tí owó náà wà hàn.

ẸNI TÍ Ó Ń SAN ÀṢÌṢE

Ìtàn Nàìjíríà ti fi hàn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá pín ogún ṣáájú gbèsè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀, nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi jẹ́ gómìnà rẹ̀, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò ní ọjọ́ kan. Ní oṣù kẹwàá ó yọ mẹ́ta sí i. Bílíọ̀nù 620 náírà ni a fi gbé àwọn báńkì tí ó wà nínú ewu ró. Àwọn báńkì tí wọ́n ń kéde èrè ńláńlá ní ọdún díẹ̀ ṣáájú wà lára wọn. Púpọ̀ nínú owó wọn ni wọ́n ti yá àwọn tí ń ra ìpín àti àwọn oníṣòwò epo, kò sì padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ wà láàbò, ṣùgbọ́n àwọn onípìn-ín pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń yọ̀ sí kọ́bọ̀ díẹ̀ ní ọdọọdún pàdánù náírà tí ó bí kọ́bọ̀ náà.

Àwọn tí ó fi owó pamọ́ kì í sì í fìgbà gbogbo bọ́ láìfarapa. Nígbà tí a gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, iye tí àjọ adáàbòbo owó ìfipamọ́, NDIC, fọwọ́ sọ̀yà láti san kánmọ́kánmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ilé-iṣẹ́ tí owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ní láti dúró títí a óò fi ta dúkìá báńkì náà.

KÍ NI Ó KAN MÙSÙLÙMÍ?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ báńkì elélé kò kan Mùsùlùmí. Òtítọ́ ni pé àwọn onímọ̀ àgbáyé tí ó péjọ sí Jeddah ní ọdún 1992 lábẹ́ àjọ fíkíhì ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí sọ pé ríra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí òwò èlé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò tọ́. Bí ìpín èrè bá ti wá láti inú ribā, kí ó pọ̀ tàbí kí ó kéré, ìdájọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù Mùsùlùmí ń gba inú àwọn báńkì wọ̀nyí kọjá, owó ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, owó mọ́sálásí mìíràn pẹ̀lú. Àmánà ni owó wọ̀nyí, bí a sì ṣe ń tọ́jú àmánà kan gbogbo ẹni tí ó ni ín.

Báńkì aláìgbèlé náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí. Ní tòótọ́, ti wọn tún le. Nínú àdéhùn muḍārabah, kò sí èrè tí a lè pè ní èrè títí ojú owó yóò fi pé. Bí ojú owó bá dín, a óò kọ́kọ́ dí i. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ fún òwò ní ìpín tirẹ̀ nínú èrè, kí ọ̀rọ̀ tó kan onípìn-ín. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n orí ìṣirò ọdún 2019 ni ó ti san ìpín èrè àkọ́kọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ta lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ní sùúrù púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìdúró yẹn ṣe ẹ̀rí pé báńkì aláìgbèlé kò lérè, kò mọ òwò, kò sì mọ ẹ̀sìn. Báńkì tuntun tí ó bá yára pín èrè ṣáájú kí ilé rẹ̀ tó dúró ni ó yẹ kí á máa fura sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó àti òfin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò jókòó sínú ìgbìmọ̀ olùdarí lọ́la, tàbí tí yóò dìde nínú ìpàdé àwọn onípìn-ín. Ẹ kọ́ láti béèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ìpín èrè kankan: ǹjẹ́ èrè yìí wọlé ní owó, tàbí orí ìwé ni ó wà? Èló nínú owó tí a yá ènìyàn ni kò padà? Bí a bá pín iye yìí, ǹjẹ́ ojú owó yóò tó láti gba ìjì tí ń bọ̀? Bí a kò bá sì pín in, níbo ni yóò wà, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ? Ẹni tí ó bá béèrè wọ̀nyí nínú ìpàdé, wọ́n lè kùn sí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òun ni ó dúró fún ìyá ọlọ́jà tí kò sí níbẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé wọ́n ń pín nǹkan.

Kí Ọlọ́run Ọba Allāhu fún gbogbo ẹni tí owó olówó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú Mùsùlùmí jẹ gbèsè ní orúkọ èrè. Āmīn.